Bàbá Aládùúrà: Mósè Orímọ́ládé, Ilẹ̀ Òkun, àti Ipò Bàbá nínú Àtúnṣe Ìjọ

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó so àwọn olórí ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀ Yúróòpù àtijọ́ pọ̀ mọ́ ajíhìnrere kan tí ó fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn láti Ìkàrẹ́ gba ilẹ̀ Òkun kọjá ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ọ̀rọ̀ náà ni 'bàbá'. Ilé ajẹ́jẹ̀ẹ́ ni ibùgbé àwọn ọkùnrin tí wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé àwọn kò ní gbéyàwó, àwọn kò ní ní ohun ìní ti ara àwọn, àdúrà àti iṣẹ́ ni àwọn yóò fi ayé àwọn ṣe. Ábọ́ọ̀tì ni orúkọ oyè olórí irú ilé bẹ́ẹ̀, inú èdè Árámáíkì ni orúkọ náà sì ti ṣẹ̀ wá, níbi tí ọmọ ti ń pe bàbá rẹ̀ ní 'abba'. Ní Èkó, láti ọdún 1924, àwọn ènìyàn tí púpọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ ohunkóhun nípa ábọ́ọ̀tì rí bẹ̀rẹ̀ sí í pe arọ kan tí ó wá láti Àkókó ní Bàbá Aládùúrà. Oyè méjì ni wọ̀nyí, ìtumọ̀ kan náà sì ni wọ́n ní. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà di bàbá ni kò jọra, ìyàtọ̀ náà sì ṣàlàyé púpọ̀ nínú ohun tí ó dé bá iṣẹ́ ọkùnrin yìí nígbà ayé rẹ̀ àti lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Olùdásílẹ̀ Ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni àwọn akọ̀tàn sábà máa ń pe Mósè Orímọ́ládé Túnọláṣe. Àpèjúwe náà kò burú, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan pamọ́. Ní gbogbo ọdún tí ó fi ń rìn láti ìlú dé ìlú kí ó tó dé Èkó, kò dá ìjọ kankan sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, inú ìjọ tí ó ti wà ní ìlú onítọ̀hún ni ó ń darí rẹ̀ sí. Níbi tí kò bá sì ti sí ìjọ, ó ń gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú kí wọ́n máa pàdé fún àdúrà títí tí olùkọ́ yóò fi dé bá wọn. Iṣẹ́ ẹni tí ó ń tún ilé tí ó bá nílẹ̀ ṣe ni èyí. Ó tilẹ̀ yẹ ní kíkíyèsí pé orúkọ bàbá tí ó bí i, Túnọláṣe, fúnra rẹ̀ ní 'títún ṣe' nínú.

Ilẹ̀ Òkun kí ó tó dé

Owé tí Kàbà jẹ́ olú-ìlú wọn, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ ni wọ́n ń pè lápapọ̀ ní Òkun, láti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń kí ara wọn. Ìpínlẹ̀ Kogí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, ni ilẹ̀ wọn wà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun Tápà láti Bídà jà wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Ó kó àwọn ènìyàn wọn lẹ́rú, ó sì fi ìsákọ́lẹ̀ sí àwọn tí ó kù lọ́rùn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company ti Lọ́kọ́ja wọ Kàbà. Àwọn ológun Tápà tí ó wà ní agbègbè náà sá lọ, kí oṣù náà sì tó parí, Bídà pàápàá ti bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá jẹ́ géńdé ní Kàbà nígbà tí Orímọ́ládé bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ ti fi ojú ara rẹ̀ rí ìgbà ìkólẹ́rú.

Ìkólẹ́rú yìí gan-an ni ó la ọ̀nà fún ẹ̀sìn Kristi ní apá ibẹ̀, ohun tí ó sì yà ilẹ̀ Òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ni èyí. Àwọn kan nínú àwọn tí wọ́n kó lọ bá ara wọn ní Sàró, àwọn mìíràn ní Èkó, àwọn mìíràn ní Gbẹ̀bẹ̀ àti Lọ́kọ́ja, níbi tí Samuel Àjàyí Crowther ti dá iṣẹ́ ìhìnrere sílẹ̀ láti ọdún 1857. Nígbà tí ọ̀nà là, àwọn kan padà sí ilé pẹ̀lú Bíbélì àti ìwé orin lọ́wọ́. Lóòótọ́, òyìnbó oníwàásù dé pẹ̀lú: Tommie Titcombe ti Sudan Interior Mission ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà ní ọdún 1908. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọwọ́ ọmọ ìlú tí ó ti oko ẹrú dé ni ìgbàgbọ́ ti bẹ̀rẹ̀, láìsí àlùfáà, láìsí ilé ìjọsìn tí ó ní láárí. Irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ti mọ bí a ti í gbé ẹ̀sìn ró láìní olórí tí wọ́n fi òróró yàn.

Ohun mìíràn tún wà. Láti ayébáyé ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní òfósì ti wà ní ilẹ̀ Òkun. Ẹbọra a máa gùn wọ́n, wọ́n sì ní èdè tiwọn tí ẹni tí kò wọ ẹgbẹ́ kò lè gbọ́. Kò sí ẹ̀rí pé òfósì ni ó bí ìran rírí inú ìjọ aládùúrà, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti kọjá ibi tí ìmọ̀ dé. Síbẹ̀, bí wọ́n bá sọ fún ará Kàbà pé ọmọbìnrin kan ṣubú lulẹ̀ tí ó ń fọ èdè tí kò yé ni, tí ó sì ń jíṣẹ́ láti ọ̀run, kì í ṣe ohun tí yóò yà á lẹ́nu ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ta ni àgbà tí ó ń mójú tó o?

Ọkùnrin náà

Ní nǹkan bí ọdún 1879 ni wọ́n bí Orímọ́ládé ní Ìkàrẹ́, sínú ìdílé ọba. Ìtàn tí àwọn ọmọ ìjọ ń sọ nípa ìbí rẹ̀ kún fún ìyanu: wọ́n ní ó fẹ́ dìde rìn ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, àti pé nígbà tí ó wà ní kékeré, wọ́n bá òun nìkan ní ilé ìjọsìn C.M.S. ní òru tí ó ń kọrin tí ìró rẹ̀ sì dà bí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èyí tí gbogbo ìtàn fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé arọ ni fún ọdún púpọ̀. Lẹ́yìn àlá kan tí ó lá, ó ní kí wọ́n bu omi odò fún òun, ó fi í wẹ ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé títí ọjọ́ ikú rẹ̀ ni ó ń tiro. Kò gbéyàwó. Kò kàwé, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbọ́ ìwàásù rẹ̀ jẹ́rìí pé Bíbélì wà ní orí rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1916 ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Láti Ìkàrẹ́, ọ̀nà kan wà tí ó gba ìpínlẹ̀ Ìjùmú dé Kàbà, tí ó sì ti ibẹ̀ kọjá sí Lọ́kọ́ja. Agbègbè yìí wà lára ibi tí àwọn akọ̀tàn dárúkọ mọ́ ìrìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìlú Àkókó, ilẹ̀ Ẹ̀dó àti apá kan ilẹ̀ Àríwá. Òun nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ní ìgbà náà. William Wade Harris, ọmọ ilẹ̀ Liberia, ti rìn já etíkun Ivory Coast láàrin ọdún 1913 sí 1914, òun náà sì ń darí àwọn tí ó ṣèrìbọmi fún sí ìjọ tí ó wà nílẹ̀. Ní apá ẹnu odò Ọya, Garrick Braide ṣe tirẹ̀ títí tí ìjọba fi jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1916. Ohun tí gbogbo wọn dì mú kò pọ̀: kí ènìyàn kó òrìṣà àti oògùn dànù, kí ó gbẹ́kẹ̀ lé àdúrà nìkan. Wọn kò béèrè owó ilé-ìwé, wọn kò béèrè ìwé ìjẹ́rìí.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi yára wọlé ní irú ilẹ̀ bí ilẹ̀ Òkun kò ní láti wá a jìnnà. Kò gbé ilé dání. Kò sí òfin tí ẹnikẹ́ni ní láti kọ́ kí ó tó gba àdúrà. Ọ̀pá rẹ̀, ohùn rẹ̀ àti ara rẹ̀ tí ó ti jẹ arọ rí ni ẹ̀rí tí ó ń gbé kiri. Nítorí náà, ibi tí ó bá dúró sí ni àṣẹ rẹ̀ wà. Bí ó bá ti kọjá lọ, àṣẹ náà bá a lọ.

Odo ní Cluny

Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún géérégé ṣáájú kí wọ́n tó bí Orímọ́ládé ni wọ́n bí Odo, ẹni tí ó di ábọ́ọ̀tì kejì ní Cluny ní ilẹ̀ Faransé. Johannu ará Salerno, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó kọ ìtàn rẹ̀, ròyìn pé láti inú ìtẹ́ ọmọ-ọwọ́ ni bàbá rẹ̀ ti fi í jìn fún Martin Mímọ́, àti pé orí fífọ́ tí ó le ni ó lé e kúrò nínú ayé àwọn ọmọ ìjòyè tí ó wà títí tí ó fi wọ ilé Martin ní Tours. Àìsàn ni ó ṣí ọ̀nà fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣí i fún ará Ìkàrẹ́.

Níhìn-ín ni ìjọra dúró. Nígbà tí Odo di ábọ́ọ̀tì ní ọdún 927, ilé ti wà ṣáájú rẹ̀. William, ọba-kékeré Aquitaine, ti fi ilẹ̀ Cluny sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 910, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ òun tàbí ìbátan òun, ì báà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tàbí ọba, má ṣe ní agbára lórí rẹ̀. Abẹ́ ààbò Póòpù ní Róòmù ni ó fi í sí. Òfin pẹ̀lú ti wà. Benedict ará Nursia ni ó kọ ọ́ ní ọ̀rúndún kẹfà, ní orí mẹ́tàléláàádọ́rin. Orí kejì rẹ̀ ṣàlàyé irú ènìyàn tí bàbá ilé gbọ́dọ̀ jẹ́. Orí kẹrìnlélọ́gọ́ta sọ bí àwọn ará ilé yóò ti yàn án. Odo kò mú òfin titun wá. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni pé kí wọ́n ṣe èyí tí wọ́n ti búra fún: kí wọ́n má jẹ ẹran, kí wọ́n má kó ohun ìní jọ, kí wọ́n dákẹ́ ní wákàtí tí òfin ní kí wọ́n dákẹ́.

Bí ó ti rọrùn tó lórí ìwé, kò rọrùn lójú àwọn tí wọ́n wá tún ilé wọn ṣe. Ní Fleury, níbi tí wọ́n ti gbà pé egungun Benedict wà, nígbà tí àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ gbọ́ pé Odo ń bọ̀, wọ́n gun orí òrùlé pẹ̀lú òkúta àti ohun ìjà, wọ́n sì ní àwọn yóò kú kí àwọn tó gba ábọ́ọ̀tì láti ilé mìíràn. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń bá ara wọn fa ọ̀rọ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, Odo nìkan gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà wọn, láìka àwọn tí ó ń dá a dúró sí. Nígbà tí wọ́n rí i pé òun nìkan ni, tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n ju ohun ìjà sílẹ̀, wọ́n sì dì mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Odo pẹ̀lú ní irú àṣẹ tí ó wà lára ènìyàn, èyí tí kò sí nínú ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọlé tán, òfin Benedict ni ó fi lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe ara rẹ̀.

Èkó, 1924 sí 1929

Ní oṣù keje ọdún 1924 ni Orímọ́ládé dé Èkó. Ọgbà ìjọ Holy Trinity ní Ẹbútẹ́-Èrò ni ó kọ́kọ́ wọ̀ sí, lẹ́yìn náà ni ó ń gbé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà á sílé. Ìgbà yìí ni orúkọ Bàbá Aládùúrà lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sí ẹni tí ó dìbò yàn án, kò sì sí bíṣọ́ọ̀bù tí ó gbé ọwọ́ lé e lórí. Àwọn tí ó gba ìwòsàn ni ó fi í jẹ oyè.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin Áńgílíkà kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, lọ wo ìwọ́de tí àwọn Kátólíìkì ń ṣe ní Èkó fún àjọ̀dún Ara Kristi. Ọdún 1264 ni Póòpù Urban Kẹrin ti fi àjọ̀dún náà lélẹ̀ fún gbogbo ìjọ, nítorí náà ibi yìí ni ìjọ ọ̀rúndún àárín ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ìtàn yìí. Abíọ́dún ní òun rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé, àti pé ó tẹ̀ lé òun dé ilé. Ó bọ́ sí ojú ìran, kò sì tètè jí padà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bàbá Aládùúrà, ó gbàdúrà, ọmọbìnrin náà sì bọ̀ sípò. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá gbọ́ ohun tí ó rí. Láti inú ìpàdé wọn ni ẹgbẹ́ kan ti yọ, tí ó gba orúkọ Séráfù ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ní ọdún 1926 ni wọ́n fi Kérúbù kún un. Ẹgbẹ́ àdúrà ni, kì í ṣe ìjọ: ní ìbẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ ṣì ń lọ sí ìjọ tirẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú.

Ní orí kẹta òfin Benedict, ó wà nílẹ̀ pé bí ọ̀ràn ńlá bá dé, kí ábọ́ọ̀tì pe gbogbo ará ilé jọ, kí ó sì gbọ́ ti àwọn tí ó kéré jù pẹ̀lú, nítorí pé ọmọdé ni Olúwa máa ń fi ohun tí ó dára jù hàn nígbà púpọ̀. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ábọ́ọ̀tì ni yóò pinnu. Òfin náà fún ìran ọmọdé ní ipò, ó sì fi ààlà sí ipò náà. Ẹgbẹ́ Séráfù kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀. Àgbà tí ó gbàdúrà wà, ọmọdé tí ó ríran wà, ẹgbẹ́ náà sì jẹ́ ti àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1927, Abíọ́dún, tí wọ́n ń pè ní Captain, ni ó kó àwọn ajíhìnrere jáde lọ sí òkè ilẹ̀, sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti àwọn ìlú mìíràn. Bàbá dúró sí Èkó. Iṣẹ́ rírìn tí ó ti sọ òun di Bàbá ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Láìpẹ́, ìbéèrè dìde bóyá Captain jẹ́ olùdásílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ tàbí ọmọ lábẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1929, Orímọ́ládé kọ lẹ́tà sí i pé kí ó lọ dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀.

Lójú àwọn kan, ìgbéraga ọmọdé ni ó fa ìyapa yìí. Lójú àwọn mìíràn, ojú tí àgbà ọkùnrin fi ń wo obìnrin ni. Ó lè jẹ́ pé àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà ènìyàn nìkan kò tó láti ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ní ọdún 1930 ẹlòmíràn tún yà lọ: Ẹgbẹ́ Praying Band, tí Ezekiel Davies jẹ́ olórí rẹ̀. Ní ọdún 1930 kan náà ni ẹgbẹ́ tí ó kù sọ́dọ̀ Orímọ́ládé fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba gẹ́gẹ́ bí Eternal Sacred Order. Ẹni tí ó ń rán àwọn ènìyàn lọ sí ìjọ wọn ní ilẹ̀ Òkun ti wá ní ìjọ tí òfin mọ̀, pẹ̀lú ọ̀tá àti ohun ìní. Ní Cluny, ilé ni ó ṣáájú bàbá. Ní Èkó, bàbá ni ó ṣáájú ilé, wọ́n sì ń kọ́ ilé náà yí i ká nígbà tí ó ti ń jó.

Ogún

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 1933 ni Orímọ́ládé kú. Òjòkòrò ni wọ́n sin ín sí. Abraham William Ọnánúgà ni ó jẹ oyè Bàbá Aládùúrà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan kò gbà. Peter Ọmọ́jọlà, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni wọ́n fẹ́, láti inú ìyẹn ni ẹ̀ka Mount Zion sì ti jáde. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé ọmọ inú ẹ̀mí ni ó ń jogún bàbá nínú ìjọ, tàbí ìbátan inú ẹ̀jẹ̀?

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé òfin kíkọ gba Cluny lọ́wọ́ ìbéèrè yìí. Berno, ábọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, kò dúró de ìdìbò tí òfin Benedict sọ. Ó pín àwọn ilé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sí méjì kí ó tó kú: ó fún Odo ní Cluny àti méjì mìíràn, ó fún Wido, ìbátan rẹ̀, ní ìyókù. Kò pẹ́ tí ìjà ohun ìní fi bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn méjèèjì, títí tí ọ̀rọ̀ fi dé etí Póòpù. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé Póòpù wà tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ lọ bá, ìwé William sì wà tí wọ́n lè kà. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ ìjọba amúnisìn ni ó kù. Ará Kàbà tí ó mọ bí àwọn Owé ti ń jẹ oyè Ọbaro, Ọbadọfin àti Ọbajẹmu, tí ọmọ kì í gbà á lọ́wọ́ bàbá tààrà, yóò rí i pé àwọn baba ńlá òun ti fi ọgbọ́n wá ojútùú sí irú ọ̀ràn yìí kí ìjọ tó dé.

Ní ilẹ̀ Òkun, àwọn ẹ̀ka ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí kò sí lábẹ́ olórí kan náà wà títí di òní, gbogbo wọn ń pe Orímọ́ládé ní bàbá. Captain Abíọ́dún pẹ́ láyé ju gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1986, nígbà tí àwọn ẹ̀ka kan fẹ́ tún padà di ọ̀kan, òun ni wọ́n gbà gẹ́gẹ́ bí olórí, ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lẹ́yìn lẹ́tà tí ó ní kí ó lọ. Ó kú ní ọdún 1994.